Ẹni Tó Kúrú Ni Kí Ẹ Wò

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àṣà kan wà lẹ́nu wa tó ń bí mi nínú. Bí a bá rí ọmọ ilé-ìwé tó sanra ní Èrúwà tàbí Ìgbò-Ọrà, a ó ní ọmọ olówó ni. Bí ó bá tẹ́ẹ́rẹ́, a ó ní ìyà ń jẹ ẹ́. Irọ́ ni ojú ń pa fún wa. Ọmọ àgbẹ̀ tó ń ru pákí bọ̀ láti oko lè tẹ́ẹ́rẹ́ kí ara rẹ̀ le koko. Ẹni tí àìjẹunre ti bá jà láti kékeré ńkọ́? Kúkúrú ló ń dà. Bí a bá wá fi gíga rẹ̀ pín ìwúwo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bí àwọn oníṣègùn ti ń ṣe, òṣùwọ̀n lè ní kò sí ohun tó ṣe é! Láfún ń yó o. Ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja ni kì í kàn án.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ ilé-ìwé ní 2016, kíláàsì 1 sí 3 nìkan ni wọ́n ṣírò fún, 70 náírà lórí ọmọ kan. Ṣé ọmọ kíláàsì 4 kò ní ikùn ni? Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń ṣe iṣẹ́ ìlera ní Ìbàràpá. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìṣègùn, bí ẹ bá tún lọ, ẹ wọn gíga ọmọ, kí ẹ sì bi ìyá rẹ̀ léèrè ohun tó ń tà.