Àlàáfíà Kọ́ Ni Kí Ẹni Tí Wọ́n Ṣẹ̀ Panu Mọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí dé ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọ "Àmín" sábẹ́ ẹ̀.

Tí ìjà bá ṣẹlẹ̀ láàárín onígbàgbọ́ méjì, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn èèyàn ni pé, "Ẹ jẹ́ kí àlàáfíà jọba." Ó dùn-ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ fún. Ẹni tí wọ́n jẹ lówó ni, kì í ṣe ẹni tó jẹ gbèsè. Ìyàwó tí ojú ẹ̀ wú ni wọ́n ń bẹ̀ pé kó má tú àṣírí ilé, kó máa gbààwẹ̀. Opó tí ẹbí ọkọ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ ni wọ́n ń sọ fún pé kó fi ìjà fún Ọlọ́run jà. Tó bá ti wá dákẹ́, gbogbo èèyàn á ní ọ̀rọ̀ ti yanjú. Àwa ò gbà pé ohun tí Bíbélì ń pè ní àlàáfíà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ Hébérù tí Májẹ̀mú Láéláé lò fún àlàáfíà ni shalom. Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yẹn ni kí nǹkan pé, kó má kù síbì kan. Láti ara gbòǹgbò kan náà ni ọ̀rọ̀ tí òfin Mósè lò nínú Ẹ́kísódù 22 ti jáde, níbi tó ti ní kí ẹni tó bá jí màlúù, tó pa á tàbí tó tà á, san màlúù 5 dípò ẹyọ kan, àti àgùntàn 4 dípò àgùntàn kan. Ṣẹ́ ẹ rí i? Àlàáfíà àti sísan padà, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Àwa Yorùbá náà, tí a bá bi èèyàn pé ṣé àlàáfíà ni, kì í ṣe ogun là ń béèrè. Ara ẹ̀ là ń béèrè, ọmọ ẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀. Ọgbẹ́ tó ń ṣọyún lábẹ́ aṣọ, ta ló máa pe ìyẹn ní àlàáfíà? Ohun tó bí Jeremáyà nínú nìyẹn ní orí 6, ẹsẹ 14: àwọn wòlíì àti àlùfáà ń rọra fọwọ́ pa ọgbẹ́ lórí, wọ́n ń kéde àlàáfíà níbi tí kò sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn jù lójú tiwa ni Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6. Ìjọ Jerúsálẹ́mù ń pọ̀ sí i, Ẹ̀mí Mímọ́ ń ṣiṣẹ́, síbẹ̀ ìkùnsínú dìde. Àwọn Júù tó ń sọ èdè Gíríìkì ní wọ́n ń fo àwọn opó tiwọn dá tí wọ́n bá ń pín oúnjẹ ojoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ tiwa-n-tiwa, nínú ìjọ tí àwọn àpọ́sítélì fúnra wọn ń darí! Wọn ò ní ẹ̀mí àìmoore ló bà lé àwọn tó ń ráhùn. Wọn ò ní kí àwọn opó lọ gbààwẹ̀, ebi kúkú ti ń pa wọ́n tẹ́lẹ̀. Wọ́n pe gbogbo ìjọ jọ, wọ́n ní kí wọ́n yan ọkùnrin 7. Ẹ wo orúkọ àwọn tí wọ́n yàn: Stéfánù, Fílípì, Prókórù, Níkánò, Tímónì, Páménà, Níkólásì. Orúkọ Gíríìkì ni gbogbo ẹ̀. Níkólásì ará Áńtíókù kì í tiẹ̀ ṣe Júù láti ìbí. Ó jọ pé ọwọ́ àwọn tí wọ́n ń rẹ́ jẹ gan-an ni ìjọ kó oúnjẹ náà sí. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ 7 wá ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run gbilẹ̀, tí ọ̀pọ̀ àlùfáà pàápàá sì gbàgbọ́.

Àwọn kan á ní, "Pásítọ̀, ìdáríjì ńkọ́?" Ìdáríjì kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, àṣẹ ni. Ṣùgbọ́n ẹnì kan lè dárí jì, èèyàn méjì ló ń ṣe àlàáfíà. Pọ́ọ̀lù mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi fi "bó bá ṣeé ṣe" sí i nínú Róòmù 12:18. Nínú Mátíù 5, ẹni tó rántí pé arákùnrin òun ní ohun kan sí òun ni Jésù ní kó fi ọrẹ ẹ̀ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, kó lọ bá a làjà ná. (Ẹsẹ yẹn kì í sábà jáde lásìkò ọrẹ, ẹ̀yin náà mọ ìdí ẹ̀.) Sákéù ò dúró kí wọ́n bẹ òun kó tó ní òun á san ìlọ́po mẹ́rin.

Ẹ tún wo Dáfídì. Ó yẹ ọ̀kọ̀ Sọ́ọ̀lù, ó sì sá lóru ọjọ́ náà. Òun kan náà ni kò pa Sọ́ọ̀lù nígbà tó rí i nínú ihò àpáta. Sọ́ọ̀lù sunkún, ó tọrọ ìbúra, Dáfídì sì búra fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí Sọ́ọ̀lù ń lọ sílé, Dáfídì ò tẹ̀ lé e. Ibi ààbò ẹ̀ ló padà sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ti ìyàwó padà sábẹ́ ìkúùkù nítorí pé ọkọ ti sunkún níwájú pásítọ̀, ẹ lọ ka 1 Sámúẹ́lì 24 dé ẹsẹ tó kẹ́yìn.

A ò sọ pé kẹ́ ẹ máa wá ìjà o. Àwọn kan fẹ́ràn láti máa sọ pé ṣebí idà ni Jésù ní òun mú wá. Nínú Mátíù 10, idà yẹn ń bọ̀ wá bá ẹni tó tẹ̀ lé E, àwọn ará ilé ẹ̀ ló máa kọ̀ ọ́. Kì í ṣe idà tí a máa fà yọ. Pétérù fà á yọ ní Gẹtisémánì, Olúwa ní kó dá a padà, Ó sì wo etí ọmọ ọ̀dọ̀ olórí àlùfáà sàn. Torí náà, kéèyàn fi òru mẹ́ta gbàdúrà kí àbúrò ọkọ ẹ̀ kú, lórí ọ̀rọ̀ tí wákàtí kan lè yanjú tí wọ́n bá jókòó sọ ọ́, a ò bá wọn ṣe é.

Ní ìjọ tiwa, àgbà ọkùnrin kan àti àgbà obìnrin kan ni yóò máa gbọ́ ẹjọ́ láti ọ̀sẹ̀ yìí lọ. Ẹni tó jẹ gbèsè máa dá ọjọ́ tó máa san án. Ẹni tí wọ́n bá lù, a ò ní ní kó padà sílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì ní Ọjọ́rú, a máa wà ní ọ́fíìsì. Tó bá jẹ́ ìwọ lo ṣẹ̀, má dúró kí wọ́n wá ọ wá.