Ẹ Bá Wa Kí Serena Williams

Ó tọ́ kí a máa fi ọlá fún ẹni tí ọlá tọ́ sí, pàápàá nígbà tí onítọ̀hún bá gbé ohun ìjà rẹ̀ kalẹ̀. Nítorí náà ni àwa ṣe fẹ́ kí ẹ bá wa kí Serena Williams, obìnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, ẹni tí ó fi bọ́ọ̀lù tẹ́nìsì ṣe iṣẹ́ òòjọ́ láti ọdún 1995 títí di 2022. Àwa wà lára àwọn tí kì í lè jókòó jẹ́ẹ́ nígbà tí ó bá wà lórí pápá.

Ọdún 1981 ni a bí i. Ìlú Compton ní California ni ó sì ti dàgbà. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọbìnrin márùn-ún tí ìyá rẹ̀, Oracene Price, bí. Orúkọ àkọ́bí ìyá náà yóò dùn mọ́ yín létí: Yétúndé ni. Ilé wọn kì í ṣe ilé ọlọ́rọ̀. Pápá ìgboro, tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀, ni àwọn òbí ti fi rákẹ́ẹ̀tì lé Serena àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Venus lọ́wọ́, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì kọ́ wọn.

Ní ọdún 1999, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 17, ó gba ife-ẹ̀yẹ ńlá ti Amẹ́ríkà. Ṣáájú rẹ̀, Althea Gibson nìkan ni obìnrin dúdú tí ó ti dá gba irú ife bẹ́ẹ̀ rí, ìkẹyìn tirẹ̀ sì jẹ́ ní 1958. Láti ìgbà náà ni Serena ti ń kó wọn jọ, títí wọ́n fi pé 23. Ìkẹyìn nínú wọn ni ti Ọsirélíà ní 2017: oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀, Venus ni ó sì borí ní àṣekágbá. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá sì jọ gbá a ní méjì-méjì, wọ́n gba 14 nínú ìdíje ńlá, wọn kò pàdánù àṣekágbá kan ṣoṣo. Àìrìnpọ̀ ejò ní í jẹ ọmọ ejò níyà. Àwọn wọ̀nyí mọ bí a ti í rìn pọ̀.

Kì í ṣe pé ọ̀nà rẹ̀ tẹ́jú. Ní 2001, àwọn òǹwòran fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní Indian Wells. Kò padà síbẹ̀ títí di 2015. Ní 2003, wọ́n yìnbọn pa Yétúndé ní Compton. Ní 2016, Venus àti Serena dá ilé ìrànwọ́ kan sílẹ̀ ní ìlú náà fún àwọn tí ìwà ipá bá ṣe ní jàǹbá, wọ́n sì fi orúkọ ẹ̀gbọ́n wọn pè é. Àwa kò sì ní fi àbùkù rẹ̀ pa mọ́: ní 2009 àti 2018, ó bá àwọn onídàájọ́ orí pápá bínú débi pé wọ́n jẹ ẹ́ níyà.

Ohun tí àwa fẹ́ kí gbogbo agbo ilé fi sọ́kàn ni èyí. Ní ọdún 2017, lẹ́yìn tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí rẹ̀, èémí rẹ̀ kò já gaara mọ́. Ó mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ dídì ni, nítorí irú rẹ̀ ti ṣe é ní 2011. Ó sọ fún nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì rò pé oògùn ìrora ni ó ń dà á lọ́kàn rú. Ṣùgbọ́n kò dákẹ́. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ wò, wọ́n bá ẹ̀jẹ̀ dídì níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ìyá ọkọ, bí ìyá ọmọ tuntun bá sọ pé ara òun kò dá, ẹ gbọ́ tirẹ̀, kí ẹ má sì ṣe jáfara.

Lẹ́yìn èyí ó tún dé àṣekágbá ńlá mẹ́rin, ní 2018 àti 2019, kò sì borí nínú ọ̀kankan. Ife 24 tí Margaret Court ará Ọsirélíà gbà fi ẹyọ kan ju tirẹ̀ lọ. Àwọn kan ka èyí sí ìkùnà. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ikú fẹ́rẹ̀ẹ́ mú lọ, tí ó tún dìde dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, aṣẹ́gun ni.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022 ó kọ̀wé pé òun ń lọ, nítorí òun fẹ́ ọmọ sí i. Bí òun bá sì jẹ́ ọkùnrin ni, òun kì bá tí ní láti yan ọ̀kan nínú méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí àwa ọkùnrin ronú sí ọ̀rọ̀ náà: ìgbà mélòó ni aya ti fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé tiwa, tí a kò sì dúpẹ́?

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án, ní New York, ó bá Ajla Tomljanović figagbága ju wákàtí mẹ́ta lọ. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni ó kù díẹ̀ kí ayò náà parí mọ́ ọn lórí tí ó sì yọ. Ní ìgbà kẹfà ni ó tó pàdánù. Pẹ̀lú omijé ni ó dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá àti ìyá rẹ̀, ó sì wí pé bí kò bá sí Venus, kì bá tí sí Serena. Ní 2023, ó bí ọmọbìnrin rẹ̀ kejì.

Serena, a dúpẹ́. Ìwọ mú inú wa dùn púpọ̀. Kí àwọn ọmọ rẹ tọ́jú rẹ dalẹ́.