Owó Orí Ilẹ̀: Kí A Wọ̀n Ún Kí A Tó Gbà Á

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni mo gbé wá lónìí, nítorí kò sí ìjọ kan nínú wa tí kò wá ilẹ̀ mọ́ṣáláṣí rí, oníṣòwò tí a kò sì fi owó kún owó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ rí kò wọ́pọ̀.

Ẹ fi ojú inú wo ilẹ̀ òfìfo kan lẹ́bàá ọjà. Olówó rẹ̀ kò kọ́ ohunkóhun sí i, koríko ni ó bò ó. Ìjọba la ọ̀nà dé ibẹ̀, àwọn oníṣòwò ń pọ̀ sí i, ìjọ kọ́ mọ́ṣáláṣí àti ilé kéú sí ìtòsí. Kò pẹ́, owó ilẹ̀ náà di ìlọ́po márùn-ún. Ta ni ó ṣiṣẹ́? Gbogbo ìlú ni. Ta ni ó kó èrè? Ẹnì kan tí ó ń sùn ni.

Ohun tí Henry George ará Amẹ́ríkà rí nìyẹn, tí ó fi kọ ìwé ní ọdún 1879 pé kí ìjọba gba owó orí lórí iye ilẹ̀, kí ó sì mú owó orí kúrò lórí iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn. Àwa Yorùbá mọ ìṣákọ́lẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé onílẹ̀ ni ó ń gba ìṣákọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú ni yóò gba èyí.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣe àjèjì sí Mùsùlùmí. Nígbà tí a ṣẹ́gun ilẹ̀ Ìráàkì, àwọn ọmọ ogun fẹ́ kí a pín in fún wọn. Kálífà Úmárù kọ̀. Ó fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ tí ó wà lórí rẹ̀, ó sì bu owó ilẹ̀ tí à ń pè ní kharaj lé e, kí àwọn tí a kò tíì bí náà lè rí jẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ rán Úsúmánù ọmọ Hunaif lọ wọn ilẹ̀ náà. Wíwọ̀n ni ó ṣáájú, gbígbà ni ó tẹ̀lé e.

Èmi fara mọ́ owó orí yìí. Síbẹ̀ mo ní ọ̀rọ̀ láti bá àwọn tí ń polongo rẹ̀ sọ, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n borí nínú ìbò tí wọ́n sì ṣubú nínú iṣẹ́.

Ẹ wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kẹrin ọdún 1909, Lloyd George, mínísítà ètò ìnáwó, gbé ètò kan kalẹ̀ pé kí a gba ìdá kan nínú márùn-ún lórí èrè tí ó bá gorí ilẹ̀, nígbà tí a bá tà á tàbí tí onílẹ̀ bá kú, kí a sì máa gba ìdajì pẹ́nì lọ́dọọdún lórí pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan iye ilẹ̀ tí a kò lò. Ilé Àwọn Lọ́ọ̀dù, níbi tí àwọn onílẹ̀ ńláńlá jókòó sí, fi ìbò 350 sí 75 dá ètò náà nù ní oṣù kọkànlá. Gbogbo ìlú dìbò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1910, ètò náà sì di òfin ní oṣù kẹrin. Ní 1911, a gba agbára lórí òfin owó kúrò lọ́wọ́ àwọn Lọ́ọ̀dù.

Ẹni tí ó gbọ́ èyí yóò rò pé ìjà parí. Kò parí rárá. Òfin ti jáde kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí wọn iye ilẹ̀. Iṣẹ́ náà gba ọdún púpọ̀, ó sì jẹ owó ju èyí tí owó orí náà mú wọlé lọ. Àwọn tí ń kọ́ ilé tà rí i pé a ti ń bu owó lé èrè iṣẹ́ ọwọ́ wọn, ọ̀rọ̀ sì di ti ilé ẹjọ́. Ní 1920 a fagi lé e, Lloyd George fúnra rẹ̀ sì ni olórí ìjọba nígbà náà.

Èkó náà rí tirẹ̀. Òfin owó ìlò ilẹ̀ ti wà láti 2001. Ní oṣù kejì 2018, lábẹ́ Gómìnà Akínwùnmí Àmbọ̀dé, òfin tuntun rọ́pò rẹ̀, owó náà sì fò sókè. Àwọn lọ́yà, onílé àti oníṣòwò pariwo. Ní oṣù kẹta, ìjọba dín ti ilé ìṣòwò kù ní ìdajì. Ní 2020, lábẹ́ Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú, a dá òṣùwọ̀n owó náà padà sí bí ó ti wà ṣáájú 2018. Ẹ ṣàkíyèsí pé òfin yìí ro iye ilẹ̀ àti iye ilé pọ̀. Ẹni tí ó kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ilẹ̀ rẹ̀ ń san ju ẹni tí ó fi irú ilẹ̀ kan náà sílẹ̀ fún koríko lọ. Ṣé ó yẹ kí a máa jẹ aláápọn níyà nítorí ọ̀lẹ?

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń béèrè. Èkínní, kí a ya iye ilẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára iye ilé. Owó orí tí a bù lé ilé, onílé yóò wá ọ̀nà gbé e ka orí ayálégbé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń san owó lórí ilẹ̀ òfìfo yóò lò ó tàbí kí ó tà á. Èkejì, kí a wọn ilẹ̀ ní gbangba, kí a lẹ iye rẹ̀ mọ́ ibi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rí i, kí ẹni tí ó bá ní ẹjọ́ wá rò ó kí ọjọ́ gbígbà tó dé. Ẹ̀kẹta, kí a mú owó mìíràn kúrò lọ́rùn aráàlú bí èyí bá ti ń wọlé. Ẹni tí a bá fi ẹrù lé lórí láìsọ èyí tí ó wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kalẹ̀, yóò bínú.

Àwọn kan yóò bi mí pé, opó tí ó ń gbé ilé àtijọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó ńkọ́, tí ilẹ̀ rẹ̀ wọ́n ṣùgbọ́n tí kò ní owó lọ́wọ́? Ìbéèrè òdodo ni. Ní ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, tí ó ti ń gba owó orí ilẹ̀ fún bí ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn arúgbó tí ó ti fẹ̀yìntì lè jẹ́ kí gbèsè náà dúró di ìgbà tí a bá ta ilé. Kí àwọn aṣòfin wa kọ irú àyè bẹ́ẹ̀ sínú òfin.

Ẹ̀yin ìjọ àti ẹ̀yin ará ọjà, bí olùdíje bá tún wá bẹ̀ yín fún ìbò, ẹ má ṣe bi í ní ẹ̀bùn. Ẹ bi í pé: ta ni yóò wọn ilẹ̀, ta ni yóò san, owó wo ni a ó sì mú kúrò? Bí kò bá lè dáhùn, ẹ jẹ́ kí ó lọ kọ́ ọ wá. Kí Ọlọ́run Ọba fi òdodo sí ọkàn àwọn olórí wa. Àmín.