Ẹni tí Ó Pe Àpèjọ, Òun ni kí Ó Wá Ibi tí Ọkọ̀ Yóò Dúró

Ní ìlú Èkó, àtilọ sí òde kò le. Àtibọ̀ ni iṣẹ́. Nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń lọ sí Gbàgede Tafawa Balewa, tàbí sí gbọ̀ngàn Eko Convention Centre ní Victoria Island, wọn kì í dé lẹ́ẹ̀kan náà: èyí dé ní agogo mẹ́rin, òmíràn dé ní agogo méje. Ṣùgbọ́n nígbà tí ayẹyẹ bá parí ní òru, gbogbo wọn ni yóò tú jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí olúkúlùkù yóò gbé fóònù sókè láti pe ọkọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Takisí tí a ń fi fóònù pè kì í ṣe nǹkan àjèjì mọ́. Ọdún 2014 ni Uber dé Èkó. Bolt, tí wọ́n ń pè ní Taxify nígbà náà, tẹ̀ lé e ní ọdún 2016. Fóònù ni ó ń júwe ibi tí èrò wà fún awakọ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ogunlọ́gọ̀ ènìyàn, fóònù lè júwe òdìkejì títì, awakọ̀ yóò sì máa yí ká bí ẹni tí ó sọ owó nù, nígbà tí èrò rẹ̀ ń sá kiri láàárín ọkọ̀. Bí awakọ̀ bá dúró díẹ̀, ẹ̀rù kí wọ́n má wọ́ ọkọ̀ òun lọ ni yóò máa bà á. Bí ó bá sì fi ìkánjú gba ọ̀nà ọlọ́nà, òfin ìrìnnà Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2018 fún ìjọba ní agbára láti gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn awakọ̀ wọ̀nyí kò tíì san owó ọkọ̀ tán. Ohun tí ẹni bẹ́ẹ̀ pàdánù ní alẹ́ kan, ó lè má rí i padà ní ọdún mẹ́ta.

Ewu ti èrò ọkọ̀ tún ju ti awakọ̀ lọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2019, ní ìlú Columbia ní ìpínlẹ̀ South Carolina ní Amẹ́ríkà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì pe ọkọ̀ ní òru. Ọkọ̀ kan dúró, ó rò pé òun tí òun pè ni, ó wọ̀ ọ́. Ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ náà pa á. Láàárín oṣù díẹ̀, ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin pé ọkọ̀ ìpè gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà rẹ̀ hàn ní iwájú. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n ikú ni ó kọ́kọ́ dé. Ṣé dandan ni kí ìlú tí ó gbọ́ ìtàn yìí dúró de òkú tirẹ̀ kí ó tó gbọ́n?

Bẹ́ẹ̀ ni Èkó kì í ṣe ìlú tí kò mọ bí a ti ń fi òfin tọ́jú ògìdìgbó. Ẹ wo ọdún Ẹ̀yọ̀. A kì í wọ bàtà níwájú Ẹ̀yọ̀, a kì í di ṣùkú, a kì í mu sìgá, a kì í gun kẹ̀kẹ́. Kí ọjọ́ náà tó pé ni tọmọdé tàgbà ti mọ ohun tí ó jẹ́ èèwọ̀ àti ọ̀nà tí wọn yóò tì. Aṣọ funfun ni gbogbo Ẹ̀yọ̀ ń wọ̀, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó ń ṣi agbo kan mú fún òmíràn, nítorí akẹtẹ̀ ni a fi ń dá wọn mọ̀: dúdú ni ti Adímú, pupa ni ti Lábà. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí. Òfin tí a kéde ṣáájú, tí ó sì ní àmì tí ojú lè rí, kì í ṣòro láti pa mọ́.

Òfin tí kò bá ro ti mẹ̀kúnnù mọ́ ọn kì í pẹ́ bàjẹ́. Ní ọdún 1977, ìjọba ológun pàṣẹ ní Èkó pé ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òǹkà kan yóò jáde ní òní, èkejì yóò jáde ní ọ̀la. Kí ni olówó ṣe? Ó ra ọkọ̀ kejì. Ẹni tí ó ní ẹyọ kan ṣoṣo ni ó jìyà òfin náà.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kò sì lè sọ pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ìpè kò kan òun. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni ó ti gbé ìlànà kalẹ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí: wọn yóò san owó ìwé àṣẹ, àti ₦20 lórí ìrìn kọ̀ọ̀kan fún àtúnṣe ọ̀nà. Ẹni tí ó bá gba owó ìṣọ́ ọjà kò gbọdọ̀ sùn nígbà tí olè bá wọ ọjà.

Ohun tí ó yẹ kí òfin sọ kò ṣòro. Èkíní, kí a má ṣe fún ẹnikẹ́ni ní àṣẹ láti pe ògìdìgbó jọ títí yóò fi tọ́ka sí ibi ìgbérò, kí ibẹ̀ ní iná, kí ó má jìnnà sí ẹnu ọ̀nà, kí ó má sì jẹ́ pé èrò yóò sọdá títì márosẹ̀ kí ó tó dé ibẹ̀. Èkejì, kí a kọ nọ́ńbà gàdàgbà sí ibẹ̀, kí èrò lè sọ pé, "Ibi kẹta ni mo wà," kí awakọ̀ sì mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kẹta, kí àwọn ilé iṣẹ́ fi àwọn ibi wọ̀nyí sínú fóònù, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe ní pápákọ̀ òfuurufú. Ẹ̀kẹrin, kí awakọ̀ ní ibi tí yóò ti máa dúró de ìpè láìsí pé ẹnikẹ́ni wọ́ ọkọ̀ rẹ̀ tàbí pé àgbèrò gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀karùn-ún, kí a ya ibi tí ó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù lọ sọ́tọ̀ fún arúgbó, aláboyún àti aláàbọ̀ ara.

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ olówó ni èyí, pé dánfó ni mẹ̀kúnnù ń wọ̀. Òótọ́ ni pé dánfó ni ó ń kó ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí náà kí a fún dánfó náà ní ibi tirẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ibi ìgbérò kan náà. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tí ó ń fi oorun rẹ̀ wá oúnjẹ kì í ṣe olówó, ọmọbìnrin tí ó ń ta omi níbi ayẹyẹ títí di òru kì í ṣe olówó. Nígbà tí títì bá dí pa, ọkọ̀ tí ó gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn kò ní rí ọ̀nà kọjá, yálà olówó ni ó wà nínú rẹ̀ tàbí tálákà.

Kí ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ má sì rò pé ìjọba nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Ìpàdé ìpolongo ìbò náà, àpèjọ ni. Mélòó ni bọ́ọ̀sì tí ó ń gbé ọmọ ẹgbẹ́ lọ sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, tí ó sì ń dúró sí àárín ọ̀nà láti òwúrọ̀ di àṣálẹ́? Mélòó ni ìyá àgbà tí a fi ọkọ̀ kó wá láti pàtẹ́wọ́, tí kò sì rí ọkọ̀ gbé e padà sílé? Ẹgbẹ́ tí ó ń bèèrè àṣẹ láti ṣe ìtọ́jú ìlú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ìtọ́jú àwọn tí ó pè jọ. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nítorí náà, kí ìpàdé ńlá tí ó ń bọ̀ jẹ́ èyí tí ẹgbẹ́ yóò ti fi àpẹẹrẹ lélẹ̀: kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yan àwọn tí yóò mójú tó ibi ìgbérò, kí wọ́n má sì kúrò níbẹ̀ títí ẹni ìkẹyìn yóò fi wọ ọkọ̀ tirẹ̀.

Nígbà náà ni ẹnu ẹgbẹ́ yóò gbà á láti bá ìjọba sọ̀rọ̀, tí ọ̀rọ̀ náà yóò sì wọ etí.