Ojú Tí Ìpara Bà Jẹ́

Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń rọ́ láti Agége lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tí ń bẹ ní Ògbà àti Ìkẹjà, a máa ń rí ẹni tí ó fi aṣọ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni pé òtútù ń mú un. Kì í ṣe òtútù. Ìpara abóra ni ó ba ojú náà jẹ́: ó pọ́n, irorẹ́ bò ó, ó sì ń ta á bí ẹni tí a fi ata kùn lójú. Ohun tí ó ń dààmú rẹ̀ jù ni pé, nígbà tí ó ń para ni ojú rẹ̀ ń dán. Ìgbà tí ó ṣíwọ́ ni ó bàjẹ́.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìpara wọ̀nyí, pàápàá èyí tí a pò sínú ike tí kò ní orúkọ, oògùn líle kan a máa wà níbẹ̀ tí à ń pè ní clobetasol, èyí tí àwọn oníṣègùn ń lò fún àrùn awọ ara fún ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀. A máa sọ awọ di fẹ́lẹ́, a sì máa fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Ọjọ́ tí a bá dáwọ́ dúró, àwọn iṣan náà a tú sílẹ̀, ojú a sì gbiná. Hydroquinone ní tirẹ̀, bí ó bá pẹ́ lára, a máa fi àbàwọ́n dúdú sí ibi tí a ti ń wá funfun gan-an. Àwọn oníṣègùn Gúúsù Áfíríkà ti kọ èyí sínú ìwé ní 1975, ìjọba ibẹ̀ sì fi òfin dè é nínú ohun ìṣaralóge ní 1990. Mẹ́kúrì ń ba kíndìnrín jẹ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìpara nìkan ni mo fẹ́ bá wí. Ẹ̀gàn wa wà nínú ọ̀ràn náà. “Ojú Fanta, ẹsẹ̀ Coke” ni à ń pe àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, àwọn àgbà a máa wí pé ẹ̀san ni. Ìwádìí kan láàrin àwọn oníṣòwò Èkó, tí a tẹ̀ jáde ní 2002, fi hàn pé bí 77 nínú 100 wọn ni ó ti lo ìpara abóra. (Oníṣòwò Èkó ni a bi o, kì í ṣe gbogbo obìnrin Nàìjíríà bí àwọn kan ti ń sọ.) Ta ni a wá ń fi ṣe ẹlẹ́yà bí kò ṣe ará ilé wa? Àwa kan náà ni a sì ń yin ìyàwó nítorí pé ó pupa. Nígbà tí ìtìjú bá pọ̀, obìnrin náà a padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó tà á. Ìpara náà a tún mú ojú rẹ̀ rọlẹ̀ láàrin ọjọ́ díẹ̀, òun a sì rò pé ìwòsàn ni ó rí. Bẹ́ẹ̀ ni ìdẹkùn náà ṣe ń dì í mú. Ní oṣù kejì ọdún 2023, àjọ NAFDAC kéde pé bíbóra ti di ọ̀ràn pàjáwìrì fún ìlera orílẹ̀-èdè. Àkókò tó kí àwa náà pa ẹnu mọ́.

Ẹni tí ó wà nínú rẹ̀, kí ó mú sùúrù. Ó lè gba oṣù púpọ̀, nígbà mìíràn ju ọdún kan lọ. Omi lásán àti ọṣẹ tí kò ní lọ́fínńdà ti tó. Kí ó má ṣe fi kànìnkàn ha ojú, kí ó má sì fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á, nítorí omi ọsàn náà àti oòrùn a máa jó awọ ara. Bí ó bá ń lọ sí oko, kí ó dé akẹtẹ̀. Ẹni tí ó ti fi ìpara pa gbogbo ara fún ọdún pípẹ́ kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró lójijì láìrí dókítà, nítorí ara rẹ̀ lè ti dẹ́kun pípèsè irú èròjà bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, kí àárẹ̀ ńlá sì dé. Àwọn dókítà awọ ara wà ní ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà. Kí ó mú ike ìpara náà dání, bí kò tilẹ̀ ní orúkọ lára. Kí ó má ṣe jù ú nù nítorí ìtìjú.