ORÍ BÍBẸ́ KỌ́ NI OÒGÙN ORÍ FÍFỌ́

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan ń bẹ lọ́fun mi tí n kò lè gbé mì. Àṣà burúkú kan ti wọ àárín wa. Bí ẹ̀rọ ayárabíàṣá tí ó ti pẹ́ lọ́wọ́ wa bá kọ̀ láti jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, gbólóhùn méjì péré ni etí wa ń gbọ́: “Ẹ lọ ra òmíràn,” tàbí “Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ́máàtì rẹ̀.” Mo lòdì sí méjèèjì. Èkíní ń fi owó ṣòfò. Èkejì ń pa ìmọ̀ run, òun ni ó sì burú jù.

Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi ní ọdún 2024. Kọ̀ǹpútà tí mo ń kó ìwádìí mi pa mọ́ sí dẹ́kun iṣẹ́. Bí mo bá tàn án, iná rẹ̀ yóò tàn, Windows yóò fẹ́ wọlé, yóò sì tún padà sẹ́yìn bí ẹni tí ó gbàgbé nǹkan sílé. Ohùn àwọn àgbà ọdẹ mẹ́ta tí ń sun ìjálá wà nínú rẹ̀. Méjì nínú wọn ti di ará ọ̀run. Oníṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e tọ̀ kò tilẹ̀ tú u wò. Ó ní ẹ̀rọ náà ti darúgbó, pé kí n sanwó kí òun nu gbogbo inú rẹ̀ nù, kí òun sì gbé Windows mìíràn sí i. Mo ní, “Àwọn ohùn inú rẹ̀ ńkọ́?” Ó ní, “Ìyẹn ti lọ nìyẹn.” Mo gbé ẹrù mi, mo jáde.

Nígbà ìsinmi Kérésìmesì, mo lọ kí àbúrò mi obìnrin tí ó wà nílé ọkọ ní Awada, lẹ́bàá ìlú Onitsha. Mo gbé ẹ̀rọ náà dání kọjá afárá Odò Ọya. Àna mi mú mi lọ sí ìsọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ti sin ọ̀gá fún ọdún púpọ̀ kí ó tó dá dúró. Kò kọ́kọ́ dárúkọ owó. Ó bi mí léèrè pé, “Ọ̀gá, kí ni ó wà nínú rẹ̀ tí ẹ kò fẹ́ kí ó sọnù?” Nígbà tí mo sọ fún un, ó yọ hard disk náà, ó so ó mọ́ ẹ̀rọ tirẹ̀, ó sì da gbogbo ohùn náà kọ síbòmíràn. Ìgbà náà ni ó tó wá àrùn.

Kí ni àrùn náà? Bátìrì kékeré kan ni, tí ó rí roboto bí owó ẹyọ, CR2032, tí agbára rẹ̀ jẹ́ fóòtì 3. Bátìrì yìí ni kì í jẹ́ kí irú ẹ̀rọ àtijọ́ bẹ́ẹ̀ gbàgbé àkókò àti ètò tí a ṣe sínú rẹ̀ nígbà tí a bá pa á. Ó ti kú. Ẹ̀rọ gbàgbé ọ̀nà tí ó ń gbà bá hard disk sọ̀rọ̀, ó padà sí ti ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é, Windows kò sì gbọ́ èdè náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà pààrọ̀ bátìrì, ó tún ètò náà ṣe, ẹ̀rọ sì jí. Owó bátìrì náà kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán.

Kì í ṣe Windows ni ó ń kọ́kọ́ jí bí a bá tan kọ̀ǹpútà. Ètò kékeré tí a ń pè ní BIOS, tí ó ń gbé inú bóòdù, ni ó ń ṣáájú. Yóò yẹ ráàmù wò, yóò wá hard disk, kí ó tó ké sí Windows. Níbikíbi tí okùn yìí bá ti já, ohun kan náà ni a óò rí: ẹ̀rọ kò jí. Eruku lè bo ẹsẹ̀ ráàmù, kí ó sì jẹ́ pé rọ́bà tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń pa nǹkan rẹ́ ni yóò wò ó sàn. Wáyà hard disk lè tú. Fíláàṣì tí a gbàgbé sára ẹ̀rọ lè ṣì í lọ́nà. Fáìlì díẹ̀ lè bàjẹ́ nígbà tí iná ọba bá lọ lójijì. Èwo nínú ìwọ̀nyí ni ó yẹ kí a tìtorí rẹ̀ kọ́kọ́ fọ́máàtì?

N kò sọ pé gbogbo ẹ̀rọ ni yóò jí. Bóòdù a máa jóná. Bí hard disk bá sì ń dún kọ̀-kọ̀-kọ̀, kí a pa á kíákíá, kí a gbé e fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, nítorí gbogbo ìgbà tí a bá tún tàn án ni ó lè túbọ̀ máa bàjẹ́.

Àwọn kan yóò ní Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, 2025, àti pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ kò lè gba Windows 11. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 1991, wà lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tí Windows ti kọ̀ sílẹ̀. Láti orí fíláàṣì lásán ni a ti lè tan án láti kó ẹrù wa jáde nínú ẹ̀rọ tí kò jí. Tuntun wo ni wọ́n sì ní kí a rà? Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń rà! Ìwádìí tí a ṣe ní èbúté Èkó ní 2015 àti 2016 fi hàn pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ àlòkù ni ó ń wọlé lọ́dún kan, òmíràn nínú wọn kò sì ṣiṣẹ́ rárá. A ń ju ògbólógbòó tiwa nù, a ń fi owó ra ògbólógbòó ẹlòmíràn.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọ́máàtì ẹ̀rọ kan níhìn-ín láìjẹ́ pé a ti kọ́kọ́ da ohun inú rẹ̀ kọ. Kí ohùn gbogbo àgbà tí a bá gbà sílẹ̀ wà ní ibi méjì, ó kéré tán. Kí a sì pe oníṣẹ́ kan wá láti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí a ti ń tú ẹ̀rọ wò. Ẹ̀rọ ń bẹ lọ́jà, ẹ̀yin ará mi. Àwọn ọdẹ méjì tí mo wí yẹn kò sí lọ́jà mọ́.