Ẹni ọdún 55 kó tó mọ ohun tó ń ṣe é: ọ̀rọ̀ Chris Rock yìí kàn wá o

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúàbí, tó bá dénú ẹ̀, á di odidi. Òwe gidi ni, kò sẹ́ni tí yóò bá wọn jà lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n bi yín léèrè, ẹ̀yin èèyàn mi: ẹni tó jẹ́ ọmọlúàbí, tó kàwé, tó lówó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀ fún, tí àbọ̀ náà sì wà ní àbọ̀ síbẹ̀, kí là ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀? Aláìgbọ́n ni? Agbéraga ni? Àbí olóríkunkun?

Ohun tí Chris Rock sọ ló fa ìbéèrè yìí. Ẹ mọ Chris Rock, aláwàdà dúdú ará Amẹ́ríkà yẹn, ẹni tó ní eré Everybody Hates Chris tó dá lórí ìgbà èwe ẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe lórí tẹlifíṣàn láti 2005 títí di 2009. Òun náà ni Will Smith gbá létí níbi tí wọ́n ti ń fúnni ní àmì-ẹ̀yẹ Oscar lóṣù kẹta, 2022. Ẹ ti rántí ẹ̀ báyìí.

Lóṣù kẹsàn-án, 2020, nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbátí kò tíì ṣẹlẹ̀ rárá, Rock bá ìwé ìròyìn The Hollywood Reporter sọ̀rọ̀. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ló sọ pé ó jọ pé òun ní Asperger, ìyẹn ọ̀kan nínú ẹ̀yà ohun tí wọ́n ń pè ní autism. Ló bá gba ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ̀ nípa ọpọlọ lọ. Wákàtí 9 gbáko ni wọ́n fi dán an wò. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n ní Nonverbal Learning Disorder ló ń ṣe é, NVLD ni wọ́n gé e kúrú sí. Ẹni ọdún 55 ni nígbà yẹn o! Ó ti bímọ, ó ti fẹ́yàwó, òun àtìyàwó ti kọ ara wọn sílẹ̀, ó ti di olówó àti gbajúmọ̀, kó tó mọ orúkọ ohun tó ń bá a fínra.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà tàn yín jẹ o. Ó dà bí ẹni pé ẹni tó ní in kò lè sọ̀rọ̀. Rárá o. Ọ̀rọ̀ gan-an ni wọ́n mọ̀ ọ́n sọ. Ọmọ tó ní in lè tètè sọ̀rọ̀ ju ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ, kó tètè mọ̀wé é kà, kó máa há nǹkan sórí. Ohun tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ló ń dà á láàmú: máàpù, ìṣirò, ọ̀nà àdúgbò, bí nǹkan ṣe jìnnà síra wọn, okùn bàtà dídì, kéèyàn kọ̀wé kó gún régé. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ń ṣe ẹnì kan ṣoṣo, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn ni ojú èèyàn ń ṣòro fún láti kà. Ẹ sì mọ̀ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí ọ̀gá bá fi ìbínú rẹ́rìn-ín, bí ìyàwó bá ní "kò burú" ṣùgbọ́n tó ti fajú ro, ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń gbọ́. "Kò burú" tí ìyàwó sọ, kò burú náà ni lójú tiẹ̀. Kó tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, ìjà ti dé.

Bí Rock ṣe ṣàlàyé tiẹ̀ náà nìyẹn. Ó ní ọ̀rọ̀ nìkan ló ń yé òun, bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́ lòun ṣe ń mú un. Ó ní ìyẹn dára gan-an fún ẹni tó ń kọ àwàdà, ṣùgbọ́n kò dára rárá tó bá di ọ̀rọ̀ èèyàn méjì tó jókòó ti ara wọn. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń rò pé tí àwọn èèyàn bá ṣe òun bákan, nítorí pé òun lókìkí ni. Ẹ ẹ̀ rí nǹkan? Ọkùnrin tó ń fi ọ̀rọ̀ pa gbogbo ayé lẹ́rìn-ín, ojú tó ń wò ó ni kò rí kà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa sọ pé, "Àbájọ! Ìdí nìyẹn tó fi fi orí ìyàwó Will Smith ṣàwàdà." Ẹ rọra o. Kò sẹ́ni nínú wa tó yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ aláwàdà ni kó fi èèyàn ṣẹ̀fẹ̀, àwọn tí NVLD ò ṣe náà ń ṣe é lójoojúmọ́. Ẹ má so ohun tí kò so pọ̀ pọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tàná. Láti 1967 ni Doris Johnson àti Helmer Myklebust ti kọ ọ́ sínú ìwé ní Amẹ́ríkà pé àwọn ọmọ kan wà tí ọ̀rọ̀ sísọ ò ni lára, ṣùgbọ́n tí ohun tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ń ni lára. Nígbà tó di 1989, Byron Rourke, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Windsor ní Kánádà, kọ odidi ìwé lé e lórí. Síbẹ̀, ìwé ńlá tí àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ń mọ ohun tó ń ṣe èèyàn, èyí tí wọ́n ń pè ní DSM, wọn ò fi í síbẹ̀. Kò sí nínú ti 2013, kò sì sí nínú àtúnṣe ti 2022. Ohun tí kò bá sì sí níbẹ̀, ó máa ń ṣòro kí àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò tó sanwó ẹ̀, ọ̀pọ̀ dókítà kì í sì í wá a. Bẹ́ẹ̀, ìwádìí kan tí àwọn ará Yunifásítì Columbia gbé jáde ní 2020 sọ pé nínú 100 ọmọ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ó ṣeé ṣe kí 3 tàbí 4 ní in. Kékeré kọ́.

Àwọn tó ti dàgbà ni tiwọn ká mi lára jù. Ọmọ tó mọ̀wé é kà kò ní jọ ẹni tí nǹkan ń ṣe lójú tíṣà. Tí ìṣirò ò bá wọ orí ẹ̀, wọ́n á ní ọ̀lẹ ni. Tó bá dàgbà, tí kò mọ ìgbà tó yẹ kóun dákẹ́, wọ́n á ní ìgbéraga ni. Tó bá pẹ́, òun náà á gbà fún wọn. Ní ilẹ̀ tiwa ńkọ́, níbi tí ìyá ti ń fojú bá ọmọ wí láàárín àlejò láì la ẹnu? Ọmọ tó mojú là ń yìn. Èyí tí kò mojú, ìgbátí ló ń jẹ, a ó sì ní kò gbẹ̀kọ́. Ta ló bi í bóyá ojú náà tiẹ̀ yé e?

Kò sí oògùn tí wọ́n ń gbé mì tó ń lé e lọ. Àmọ́ kéèyàn mọ ohun tó ń ṣe òun, agbára ni. Rock ní nǹkan bíi wákàtí 7 lọ́sẹ̀ lòun fi ń jókòó ti àwọn tó ń gba èèyàn nímọ̀ràn nípa ọkàn nígbà yẹn. Ẹni tó bá ti mọ̀, á lè sọ fún ìyàwó ẹ̀ pé, "Jọ̀ọ́, tínú bá ń bí ẹ, fẹnu sọ ọ́ fún mi." Á lè sọ fún ọ̀gá ẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan." Tó bá ń wá ilé kan, á ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ júwe ẹ̀ fóun, kí wọ́n má ya máàpù. Ìyẹn lè gba ilé là, ó lè gba iṣẹ́ là.

Torí náà, ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọ̀gá níbi iṣẹ́, tẹ́ ẹ bá rí ẹnì kan tẹ́nu ẹ̀ mú, tórí ẹ̀ pé, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá fojú sọ ló ń bọ́ sílẹ̀, ẹ má tíì fún un lórúkọ. Ẹ kọ́kọ́ fẹnu sọ ọ́ fún un, kó ṣe kedere. Tó bá ṣe é láìjanpata, ẹ ti mọ̀ pé kì í ṣe ìwà ẹ̀ ló burú. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ dára fún ọmọlúàbí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọlúàbí mìíràn wà tó jẹ́ pé odidi lẹ gbọ́dọ̀ sọ fún un. Ó tún dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.